Ìwé Ogun fún Bàbá Ìyàwó

Ìfẹ́ kì í bèèrè bóyá bàbá ẹni àti bàbá ẹnìkejì ń kí ara wọn. Ká ní ó ń bèèrè ni, Fẹ̀hìntọlá ì bá má dá Ọlọ́rundáre lóhùn rárá ní èbúté Igbókọ̀dá lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ ọjà ni. Fẹ̀hìntọlá àti ìyá rẹ̀, Moríkẹ́, ti ta ẹja gbígbẹ tán, wọ́n sì ti jókòó sínú ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sílé. Bí ọkùnrin kan ṣe wọlé dé nìyẹn, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀ àti àpótí onírin lórí. Ọkọ̀ fì sápá kan.

"Ọ̀gá, ẹ ò mọ ọkọ̀ wọ̀ ni?" Fẹ̀hìntọlá bi í. "Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ jókòó sí àárín."

"Ọmọ omi ni mí," ọkùnrin náà dá a lóhùn. "Ó kàn pẹ́ tí mo ti wà lórí ilẹ̀ ni."

"Omi ò mọ ìyẹn. Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Kí ọkọ̀ tó dé ìyànà odò àkọ́kọ́, Fẹ̀hìntọlá ti mọ̀ pé tíṣà ni, pé Ọlọ́rundáre ni orúkọ rẹ̀, àti pé ilé ẹ̀kọ́ Mọ̀lútẹ̀hìn ni wọ́n gbé e wá. Ọlọ́rundáre náà ti mọ̀ pé ọmọbìnrin tó ń pàṣẹ fún òun yìí ka ìwé mẹ́fà kó tó di ẹni tó ń yan ẹja. Ó ṣàkíyèsí pé ẹ̀rín rẹ̀ kì í tètè yọ, ṣùgbọ́n bó bá yọ, kì í tètè lọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bó bá ń kọ nǹkan sójú pátákó fún àwọn ọmọ, ẹ̀rín yẹn ló ń rí.

Ọjà mìíràn dé, wọ́n tún pàdé. Ọjà tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó lè sọ pé ìpàdé wọn ṣèèṣì mọ́.

*

Bàdírátù, ìyá Láwàl, ni wọ́n fi ṣe alárinà. Mùsùlùmí ni, oníṣòwò aṣọ, tí ìdílé rẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ ná ọjà etí odò láti ayé bàbá rẹ̀ àgbà. Kò sí ilé tí kò lè fi ọkọ̀ rẹ̀ sún mọ́, kò sì sí àgbà tó le jù fún un láti bá ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ó bá Olówòkéré, bàbá Fẹ̀hìntọlá, níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe níwájú ilé.

"Ìyá Láwàl, bó bá jẹ́ aṣọ lẹ gbé wá, èmi ò ra."

"Aṣọ kọ́ lónìí, Bàbá. Ènìyàn ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tí kì í mutí. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní ta ló bí i."

"Ta ló bí i?"

Bàdírátù kọ́kọ́ tún gèlè rẹ̀ wé. "Adégbóyè, olóògbé, ni bàbá rẹ̀."

Olówòkéré fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀. Kò pariwo. Gbogbo àdúgbò mọ ohun tó wà láàárín ilé méjèèjì. Nígbà ogun Jámánì àkọ́kọ́, wọ́n kó ẹ̀gbọ́n Olówòkéré, Ọmọ́yẹlé, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Adégbóyè, pé kí wọ́n lọ máa ru ẹrù fún àwọn ológun ní Kamẹrúùnù. Adégbóyè nìkan ló padà. Bí èèyàn bá sì kú sí ọ̀nà jíjìn, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ a rẹ́ irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wálé, kí àwọn ará ilé lè rí nǹkan sin. Adégbóyè kò mú nǹkan kan dání. Láti ìgbà náà, Olówòkéré kò ṣòkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì gba kí ẹnikẹ́ni pè é ní òkú.

"Inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun," Olówòkéré wí. "Ó dé, ó ní ẹ̀gbọ́n mi kú. Mo ní irun rẹ̀ dà. Ó ń wo ilẹ̀. Irú ogun wo ló ń lé èèyàn débi tí kò ní lè rẹ́ irun díẹ̀ lórí ọ̀rẹ́ rẹ̀? Àbí kò kú ni? Àbí ó fi í sílẹ̀ láàyè nínú igbó?"

"Bàbá, ọmọ ò bá wọn lọ sógun."

"Tíṣà ṣá ni. Ìwé ló ń jẹ. Kó wá sọ irú ogun tó jẹ́ fún mi. Bó bá yé mi, kó wá máa wo ọmọ mi. Bí kò bá yé mi, kó wo ibòmíràn."

Ẹlòmíràn ì bá gbà pé wọ́n ti tilẹ̀kùn nìyẹn. Lójú Bàdírátù, ẹni tó ti dá iye lé ọjà ti fẹ́ tà. "Mo gbọ́, Bàbá. Omi náà gbọ́."

"Kí a tó lọ sí àgọ́ ni o."

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ilé Olówòkéré a ṣí lọ sí àgọ́ ìpẹja ní ìhà Fọ̀kádò, tọmọ taya, wọn kì í sì í padà títí òjò mìíràn yóò fi dé. Ọmọbìnrin kì í pẹ́ rí ọkọ ní àgọ́. Àwọn ẹgbẹ́ Fẹ̀hìntọlá méjì lọ ní ọdún tó kọjá, ìyàwó ilé onílé ni wọ́n báyìí, fún àwọn ọkùnrin tí wọn ò rí rí kí wọ́n tó débẹ̀.

*

"Àwọn bàbá ẹlòmíràn ń gba iṣu," Fẹ̀hìntọlá wí fún Ọlọ́rundáre. "Tèmi ń gba ogun."

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n wà, ó ń yí ẹja lórí iná, èéfín sì ń lé Ọlọ́rundáre káàkiri.

"A kà nípa rẹ̀ díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́," ó wí. "Wọ́n pa ọmọ ọba kan, ni ogun bá dé."

"Ọmọ ọba wo?"

"Mi ò rántí orúkọ rẹ̀."

"Tíṣà, má lọ sọ ìyẹn fún bàbá mi."

Ọlọ́rundáre rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ kí ẹ̀rín náà tó kúrò lójú rẹ̀. "Bàbá mi ò sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá dárúkọ Kamẹrúùnù, á dìde kúrò níbẹ̀. Ìyá mi gan-an ò mọ̀. Ìwé nìkan ló kù."

"Bí ìwé bá wá sọ pé bàbá rẹ jẹ̀bi ńkọ́?"

"Ìwé ò mọ bàbá mi."

Fẹ̀hìntọlá yí ẹja mìíràn. Ìyẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Nǹkan mìíràn tún wà tí kò lè sọ jáde: kò mọ̀ bóyá nítorí òun ni ọkùnrin yìí ṣe fẹ́ lọ ka ogun, tàbí nítorí orúkọ bàbá rẹ̀.

*

Ní ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní Òkìtìpupa, ẹni tó ń tajà wo Ọlọ́rundáre tìyanu-tìyanu.

"Ogun wo? Ti Hítílà ni gbogbo èèyàn ń kà báyìí."

"Èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ti Kaísà, ọba Jámánì."

"Ìyẹn ti gbó, ọ̀rẹ́ mi."

Síbẹ̀ ó gun àpótí, ó sì gbé mẹ́ta wá láti òkè, ó fẹ́ eruku ara wọn. Ọ̀kan nípọn bíi búrẹ́dì. Àwòrán ọkọ̀ ogun wà lẹ́yìn èkejì. Ẹ̀kẹta kéré, kò ní àwòrán kankan. Ọlọ́rundáre kò tilẹ̀ ṣí èyí tó kéré náà. Ó mú èyí tó nípọn jù, nítorí tíṣà ni, ó sì gbà pé ìwé tó wúwo ló mọ̀ jù.

"Bí omi ò bá ti kàn án, o lè dá a padà kí o mú òmíràn," ẹni tó ń tajà wí. Ó ti mọ ibi tí oníbàárà rẹ̀ ti wá.

Wọ́n fi àpò rọ́bà wé ìwé náà délé Olówòkéré. Bàbá jókòó, ó gbọ́ ojú ìwé àkọ́kọ́ dáadáa.

"Dúró ná. Ìbátan ni ọba Gẹ̀ẹ́sì àti Kaísà yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ìyá àgbà kan náà ni wọ́n ní."

"Ìjà ẹbí ni." Olówòkéré yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Moríkẹ́, o gbọ́? Ìjà ẹbí ni wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá bá wọn rẹrù sí."

Lẹ́yìn náà ni ìwé wọnú àdéhùn àti ìpàdé, orúkọ ìlú lórí orúkọ ìlú. Bàbá fara dà á títí, ó wá dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ oyè kankan. Bó o bá dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹni tó ń rẹrù, kí o pè mí."

Ọlọ́rundáre kà á parí sílé fúnra rẹ̀. Kò dé ibẹ̀.

Nígbà tó máa pààrọ̀ rẹ̀, èyí tó ní ọkọ̀ ló mú. Kò sí ọmọ etí òkun tí kò ní mú un. Ẹni tó bá ń bá apẹja sọ̀rọ̀ ogun, ogun orí omi ló yẹ kó kà fún un. Ó sì dùn mọ́ Bàbá lóòótọ́. Àwọn aládùúgbò fi ọkọ̀ wọn ti ara wọn síwájú ilé láti gbọ́ nípa ọkọ̀ àwọn Jámánì tó ń rìn lábẹ́ omi.

"Bí ẹja?" Olówòkéré bi í.

"Bí ẹja, Bàbá."

"Ta ló ń gbọ́n omi inú rẹ̀?"

Wọ́n fi ìyẹn ṣe àríyànjiyàn títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Olówòkéré pa ìwé náà dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì dá a padà fún Ọlọ́rundáre.

"O ṣeun, ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò kú sómi. Ká ní omi ló mú un ni, mo mọ ohun tí a máa ń ṣe."

*

"Fi iyọ̀ díẹ̀ sí i," Bàdírátù gba Ọlọ́rundáre níyànjú. "Bàbá ò gbọ́ òyìnbó. Sọ pé ó wà nínú ìwé pé ọ̀gá ológun ní ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú, ìbọn ni. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?"

Òjò ti ń dínkù. Wọ́n ti ń gbé pákó àti ìkòkò àgọ́ jáde ní ilé Olówòkéré. Ọlọ́rundáre ro ọ̀rọ̀ náà lálẹ́, ó rò ó láàárọ̀, ó sì rí i pé òun ti ń wá bí òun ṣe máa sọ ọ́. Ó lọ sọ fún Fẹ̀hìntọlá.

"Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ńkọ́?" ó wí. "Ó lè jẹ́ bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

"O mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

"Mi ò mọ̀."

"Èmi náà kàwé, Tíṣà. Bó o bá ka ohun tí kò sí níbẹ̀, màá mọ̀, bàbá mi á sì gbé mi fún ọ lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tó o bá wá sọ pé o fẹ́ràn mi, báwo ni màá ṣe mọ èyí tó wà nínú ìwé?"

"Ó dà bíi pé o fẹ́ lọ sí àgọ́."

Kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Fẹ̀hìntọlá gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀, ó wọlé.

Ọlọ́rundáre kò wá mọ́. Ọjà Igbókọ̀dá kan kọjá tí Fẹ̀hìntọlá ń wo ojú omi dípò ojú ẹni tó ń bá a ná ẹja. Ìyá rẹ̀ rí i, ó sì gba ẹja náà tà. Nígbà tí Tíṣà padà dé lẹ́yìn ilé, kùrukùru òtútù ti bo ojú odò, ó sì dúró láàárín èéfín láìsá fún un.

"Mi ò mọ ìwé yàn," ó wí. "Wá bá mi yàn án."

*

Bàdírátù bá wọn lọ sí Òkìtìpupa, kí àwọn ará ọ̀nà má baà rí nǹkan sọ. Fẹ̀hìntọlá wo pákó ìwé náà bó ṣe máa ń wo ẹja ẹlòmíràn lọ́jà.

"Ẹ bá mi gbé àwọn tí ẹ gbé fún un nígbà àkọ́kọ́."

Ó ti èyí tó nípọn sẹ́yìn. "Ta ló ń sunkún nínú èyí?" ó bi ẹni tó ń tajà.

"Sunkún kẹ̀? Ìwé ìtàn ni."

"Ó ti tó. Èyí kékeré yìí ńkọ́?"

"Obìnrin kan ló kọ ọ́, ọmọ rẹ̀ kú sógun náà. Kò sí ogun gidi níbẹ̀, àwọn ìyá ló ń sọ̀rọ̀. Mo ti fẹ́ dá a padà fún àwọn tó kó o wá."

Fẹ̀hìntọlá ṣí i láàárín, ó kà á lórí ìdúró. Bàdírátù jókòó lórí àpótí, ó yọ ẹ̀pà. Ó pẹ́ kí Fẹ̀hìntọlá tó pa á dé.

"Èyí ni."

"Kò sí Kamẹrúùnù níbẹ̀," Ọlọ́rundáre wí. Ó ti yẹ àkójọ orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wò. "Kò sí àwọn tó rẹrù níbẹ̀ rárá."

"Mo mọ̀."

"Kí la wá fẹ́ fi ṣe?"

"O ní kí n bá ọ yàn án. Mo ti yàn án."

*

Àwọ̀n ti wà nínú ọkọ̀ ní ilé Olówòkéré nígbà tí wọ́n dé. Bàbá tọ́ka sí ìjókòó.

"Ẹ̀kẹta nìyí. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí òmíràn. Ìwọ ka òyìnbó rẹ̀, Fẹ̀hìntọlá á máa sọ ọ́ fún mi. Ẹnu ọmọ mi ni mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Fẹ̀hìntọlá kò retí ìyẹn. Iyọ̀ tí Bàdírátù sọ ti bọ́ sọ́wọ́ òun báyìí. Bó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un, kò ní lọ sí àgọ́. Bàdírátù ń wo ojú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó sọ̀rọ̀ Kamẹrúùnù?" Bàbá bèèrè.

Ọlọ́rundáre kò gbójú sókè.

"Kò sọ ọ́, Bàbá," Fẹ̀hìntọlá dáhùn.

"Àwọn tó rẹrù ńkọ́?"

"Kò sọ ọ́."

Bàbá fọwọ́ ti eékún rẹ̀, ó fẹ́ dìde. "Kí ló wá sọ?"

"Ó sọ nípa àwọn tí nǹkan kan ò ti ara òkú wọn wálé."

Olówòkéré jókòó padà.

Ọlọ́rundáre kà, Fẹ̀hìntọlá sì ń sọ ọ́. Obìnrin náà ní wọ́n wá sọ fún òun pé ọmọ òun kú ní ilẹ̀ Faransé. Ó ní òun bẹ ìjọba kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá fún òun. Wọ́n ní rárá. Àwọn ìyá mìíràn kóra jọ, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní rárá. Ibi tí ọmọ kú sí ni wọ́n sin ín sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni a kò sì rí sin rárá, nítorí ilẹ̀ tí ìbọn ńlá ń hú lójoojúmọ́ ti gbé wọn mì.

"Àwọn tó ni ogun náà gan-an?" Bàbá bèèrè.

"Àwọn gan-an."

"Olówó wọn ńkọ́?"

"Àtolówó àti tálákà, Bàbá. Wọ́n ní bí wọn ò bá gbé ti tálákà wálé, wọn ò ní gbé ti olówó."

"Ọmọ obìnrin yìí ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀?"

Ọlọ́rundáre ṣí ìwé síwájú, ó wá ibẹ̀, ó kà á. Fẹ̀hìntọlá sọ ọ́. "Ó ní. Ọ̀rẹ́ náà wá kí i lẹ́yìn ogun. Ó jókòó, ó mu tíì, kò sọ nǹkan kan, ó lọ. Obìnrin náà ní inú bí òun sí i fún ọdún púpọ̀."

Moríkẹ́ ti jáde láti ibi iná, ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Wọ́n gbé ẹnì kan wálé nígbẹ̀yìn," Fẹ̀hìntọlá ń bá a lọ. "Ẹnì kan ṣoṣo tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín àwọn ọba. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wá ẹni tí wọn ò mọ̀ ni, kí ìyá kọ̀ọ̀kan lè wí fún ara rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tòun."

"Ẹnu ọ̀nà ni ìyá rẹ náà ń wò títí ó fi kú," Moríkẹ́ wí fún ọkọ rẹ̀.

Olówòkéré mi orí. Lẹ́yìn náà ó wo Ọlọ́rundáre bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

"Ibi tó o jókòó sí yẹn ni Adégbóyè dúró sí. Mi ò fún un níjókòó." Ó tọ́ka sí ìwé náà. "Ka ti ọ̀rẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó kà á. Bàbá ní ó ti tó, kí wọ́n máa lọ.

*

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì, Fẹ̀hìntọlá rí i tó ń gbé àwọ̀n jáde nínú ọkọ̀, tó ń sá a sóòrùn. Ó bi ìyá rẹ̀ léèrè. Ìyá rẹ̀ ní òun náà ń wò ó ni. Bàbá rán ẹni sí àwọn ẹbí ní Àyétòrò, ó tún rán ẹni sí àwọn tó wà ní ìhà ìlà oòrùn. Níkẹyìn ó ránṣẹ́ pe Bàdírátù, wọ́n sì sọ̀rọ̀ lábẹ́ òrùlé, wọn ò jẹ́ kí ọmọbìnrin kankan sún mọ́ wọn.

Nígbà tí Bàdírátù jáde, ó ní kí Fẹ̀hìntọlá wá bá òun wa ọkọ̀ dé Mọ̀lútẹ̀hìn. Ojú rẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn. Lójú ọ̀nà, owó orí aṣọ nìkan ló ń sọ.

Ọlọ́rundáre sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn létí omi, ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Olówòkéré ní òun fẹ́ ṣòkú ẹ̀gbọ́n òun," Bàdírátù wí. "Wọn ò ní lọ sí àgọ́ títí wọn á fi ṣe é tán."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ló wí nípa tèmi?"

"Kò dárúkọ ìgbéyàwó rárá."

Ọlọ́rundáre wo Fẹ̀hìntọlá. Òun náà ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kàn di àjẹ̀ mú.

"Ó ní kí n sọ fún ọ," Bàdírátù ń bá a lọ, "pé èèyàn kì í wá síbi òkú àna rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Kí ẹbí Adégbóyè gbé aṣọ tiwọn wá. Ó ní ibi tí àwọn ọkọ ọmọ ń jókòó sí ni kí wọ́n fi yín sí."

Omi ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ọlọ́rundáre nu ẹfun ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, Fẹ̀hìntọlá sì ti bojú.

"Tíṣà," Bàdírátù wí, ó ń ṣí ìdì aṣọ rẹ̀, "mo ní funfun, mo ní aláró. Wọnú ọkọ̀ kí o wá yàn. Àbí kí Fẹ̀hìntọlá bá ọ yan ìyẹn náà?"